ÌJÀKADÌ KÌ Í ṢE ÌJÀ: IṢẸ́ LÁMÈYÍTỌ́ LÓRÍ EWÌ ÀJỌṢE ỌKỌ ÀTI AYA

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ tí ó nira ni kí akéwì máa yẹ ewì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò, pàápàá bí ewì náà bá dá lórí àjọṣe ọkọ àti aya. Àwọn kan a máa yìn ín láìmẹ́nu ba àléébù rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ má baà bà jẹ́. Àwọn mìíràn a fi ewì sílẹ̀, wọn a máa tú ìdí ilé ẹni tí ó kọ ọ́. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí ó tún ewì ṣe. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé àwọn akéwì alohùn ti fi ìlànà tí ó sàn ju èyí lọ lélẹ̀.

2. Ìlànà Àwọn Oníjàlá

Nínú ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjàlá, tí ó jáde ní 1966, ó ṣàlàyé pé bí oníjàlá bá ṣìnà lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ náà, wọn kì í dákẹ́. Wọn a sọ ọ́ ní gbangba pé ohun tí ó wí kò rí bẹ́ẹ̀. Òun náà lè fèsì pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá òun. Ohun tí ó hàn níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tún ṣe, kì í ṣe ẹni tí ó sọ ọ́. Wọ́n ń tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe wà. Akéwì sì láǹfààní láti wí tẹnu rẹ̀.

3. Àpẹẹrẹ láti Ọ̀fà

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ oríkì Ọ̀fà mọ ipò tí ìjàkadì wà nínú rẹ̀. Kò ní yani lẹ́nu, nígbà náà, bí akéwì ọmọ Ọ̀fà kan bá fi ìjàkadì ṣe àfiwé ìgbéyàwó: kí ó pe ọkọ ní akọni ojú agbo, kí ó ní ojoojúmọ́ ni ó ń gbé aya rẹ̀ ṣánlẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀rín parí rẹ̀.

Lámèyítọ́ tí ó bá kàn ní ewì náà kò dára kò ṣe akéwì lóore. Èyí tí ó bá bi í bóyá ilé tirẹ̀ ni ó ń sọ ti kọjá àyè rẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ ni pé: ṣé bẹ́ẹ̀ ni ìjàkadì rí? Ẹni méjì tí ó gbà láti jìjàkadì ni ó ń bọ́ sójú agbo. Òfin wà, òǹwòran wà. Bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kanlẹ̀, ó parí. Ẹni tí wọ́n dá lónìí sì lè dáni lọ́la. Aya inú ewì yìí kò gbà láti jìjàkadì, kò sí òǹwòran tí yóò là wọ́n, kò sì sí ọjọ́ tí ó dá ọkọ. Ìjà ni akéwì kọ, orúkọ ìjàkadì ni ó fi bò ó.

Láti ibẹ̀ ni àtúnṣe ti lè bẹ̀rẹ̀. Akéwì lè mú kí àfiwé náà dọ́gba, kí aya ní agbára àti ọgbọ́n tirẹ̀ lójú agbo. Ó sì lè jẹ́ kí aya fúnra rẹ̀ kọ àfiwé náà. Ẹkún ìyàwó jẹ́ àwòkọ́ṣe rere níhìn-ín, nítorí pé ìyàwó ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ń lọ sílé ọkọ.

Ṣùgbọ́n akéwì lè fèsì pé ọkọ inú ewì ni ó ń sọ̀rọ̀, àti pé ẹ̀rín ìparí náà ń fi òmùgọ̀ ọkọ náà hàn ni. Èsì gidi ni èyí. Ohun tí ó kù fún lámèyítọ́ ni láti béèrè ìlà tí òǹkàwé yóò ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé akéwì kò ní sí níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń ka ewì rẹ̀ láti ṣàlàyé.

4. Ìkádìí

Bí oníjàlá ṣe ń dán oríkì wò bóyá ó bá ìdílé mu, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí lámèyítọ́ dán àfiwé wò bóyá ó bá ohun tí wọ́n fi í wé mu. Nínú ewì àjọṣe ọkọ àti aya, ọ̀ràn yìí ju ẹwà èdè lọ: àfiwé tí kò ṣe déédéé lè sọ ìyà di eré lójú òǹkàwé.