Ọwọ́ Tó Mọ Inú Eégbọn

Ẹni tó bá ń sin ajá tàbí màlúù mọ eégbọn dáadáa. Èyí tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó la sábà máa ń rí, tí ikùn rẹ̀ ti wú, tí a óò já dànù, tí a óò fi bàtà tẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n èyí tí kò tíì jẹun kò tóbi ju hóró yànmọ̀tí lọ. Ọkùnrin kan wà tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń ṣí ohun tó kéré báyẹn, tí a óò sì yẹ inú rẹ̀ wò láìbà á jẹ́. Willy Burgdorfer lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì tó ohun tí à ń dúró wò.

Ìlú Basel ní Switzerland ni wọ́n bí i sí ní 1925, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Rudolf Geigy. Eégbọn ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, irú èyí tó ń kó ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ ran ènìyàn. Kòkòrò àrùn tó ń fa ibà yìí gùn, ó tín-ín-rín, ó sì lọ́. Spirochete ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Iṣẹ́ Burgdorfer ni láti tọpa rẹ̀ nínú eégbọn, láti inú ikùn títí dé ibi tí itọ́ ti ń sun. Àìmọye eégbọn ló tú kí ojú rẹ̀ tó mọ kòkòrò náà ní àmọ̀dunjú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó kó lọ sí Hamilton ní Montana, Amẹ́ríkà, níbi tí ilé àyẹ̀wò kan wà tó ti ń bá ibà eégbọn òkè Rocky jà tipẹ́. Ọgbọ́n tó gbé jáde níbẹ̀ ní 1970 dùn ún wò. Yóò di eégbọn mú, yóò gé ṣóńṣó ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó dípò ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ yóò sun jáde, ẹ̀kán kan péré. Yóò fi ẹ̀kán yẹn kan gíláàsì pẹlẹbẹ, yóò jẹ́ kó gbẹ, yóò pa á láró, yóò sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bí kòkòrò ibà náà bá wà níbẹ̀, yóò pọ́n yàtọ̀. Eégbọn náà kò kú. A lè tọ́jú rẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, nítorí ìpalára tí ọwọ́ náà ṣe kò ju èyí tí iṣẹ́ béèrè lọ.

Láàárín àkókò yìí, wàhálà kan ti bẹ̀rẹ̀ ní Lyme, ìlú kan ní Connecticut. Ní 1975, àwọn ìyá níbẹ̀, Polly Murray lára wọn, fi tó ìjọba létí pé orúnkún ọ̀pọ̀ ọmọdé ń wú. Dókítà Allen Steere ṣèwádìí, ìfura sì bọ́ sórí eégbọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí kòkòrò tó ń fà á.

Ní ìgbà ìwọ́wé 1981, eégbọn láti Shelter Island ní New York dé iwájú Burgdorfer. Ibà òkè Rocky ni òun àti Jorge Benach ń wá nínú wọn. Ó gé ẹsẹ̀ wọn, kò rí i. Ìbéèrè tí wọ́n béèrè ti rí ìdáhùn, ẹlòmíràn ì bá kó ẹrù rẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ara eégbọn méjì ní aràn wínníwínní nínú, ó sì fẹ́ mọ ibi tí aràn náà ti wá. Ló bá ṣí ẹ̀yìn wọn, ó yọ ìfun, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ó pa á láró. Kò rí aràn kankan níbẹ̀. Ohun tó rí gùn, ó lọ́ ségesège, aró kò sì mú un dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ló ń pe èyí ní àkọsẹ̀bá. Èmi kò gbà. Ojú tí kò ní ìrírí yóò ka ohun tí aró kò mú sí ìdọ̀tí, yóò sì fò ó kọjá. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ohun tí Burgdorfer ti rí ní Basel láìmọye ìgbà ló tún rí ní Hamilton ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Kò sì kánjú pariwo. Ó ṣí àwọn eégbọn yòókù, ó rí i nínú èyí tó ju ìdajì wọn lọ. Wọ́n jẹ́ kí irú eégbọn bẹ́ẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀ ehoro, awọ àwọn ehoro náà sì sú. Wọ́n fi omi ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn Lyme ń ṣe dán kòkòrò náà wò, wọ́n sì rí àmì pé ara wọn ti bá a jà rí. Alan Barbour, ẹlẹgbẹ́ Burgdorfer, rí i hù nínú ìgò. Ní 1982 ni ìròyìn náà jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ní 1984, wọ́n sọ kòkòrò náà ní Borrelia burgdorferi.

Irú iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn rí kòkòrò ibà Congo, èyí tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa tú lára ènìyàn, nínú màlúù àti eégbọn ní Nàìjíríà. Ìdí rèé tí kò fi yẹ ká máa fi ìka lásán tẹ eégbọn fọ́. Ẹ fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu tín-ín-rín di orí rẹ̀ mú níbi tó ti wọ awọ, kí ẹ fà á sókè gbọnrangandan láìyí i, kí ẹ sì fọ ọwọ́.

Lónìí, nílé ìwòsàn ẹran, òṣìṣẹ́ kan lè gún ṣóńṣó etí ajá, kó tẹ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, kó sì máa wá Babesia nínú rẹ̀. Owó iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, aláìsàn tó tò síta sì máa ń pọ̀. Bí a bá fẹ́ bọlá fún Burgdorfer, ká fún irú òṣìṣẹ́ yìí ní irinṣẹ́ gidi, ká sì fún un láàyè láti tún gíláàsì kan wò lẹ́yìn tó ti dáhùn ohun tí a bi í.