Ilẹ̀kùn Ìrókò Lójú Fóònù

Káfíńtà kan wà lẹ́bàá Oko Bàbá, ní Èbúté Mẹ́ta, tó ń kan ilẹ̀kùn ìrókò. Ìgbà tí pólíìṣì bá gbẹ tán ni iṣẹ́ ọmọbìnrin tó ń bá a polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ya àwòrán ní ọ̀sán gangan, torí oòrùn máa ń pa ojú igi. Á dúró di ìrọ̀lẹ́, á ní kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn ti ògiri tí kò ní ọ̀dà, á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ìlà inú igi lè yọ dáadáa.

Ó kù sí ìdí kọ̀ǹpútà. Àyè tí ìkànnì fún un jẹ́ 300 píksẹ́lì ní ìbú, 250 ní gíga. Ilẹ̀kùn odindi kò lè wọ ibẹ̀ kó sì hàn. Ó gé e dé ìdajì, ó wò ó, ó tún gé e sún mọ́ ibi ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó wá dín ìwọ̀n àwòrán náà kù títí ó fi fúyẹ́, torí ẹni tó ń ṣọ́ dátà kì í dúró de ohun tó wúwo. Nínú òwò yìí, bí ìdajì ìpolówó bá hàn fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, wọ́n ti kà á sí pé èèyàn rí i. Ìdajì o!

Ó wá kan kíkọ iye owó síbẹ̀. Káfíńtà kọ̀.

“Ọmọ mi, wọ́n á sá.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n sá, Bàbá. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ ń sanwó lé lórí. Ẹni tí kò ní lè rà á, ẹ má jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́.”

Ó ṣe méjì: ọ̀kan ní iye owó, èkejì kò ní. Ó fi àmì ọ̀tọ̀ sí ìdí líǹkì kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ èyí tí oníbàárà gbà wọlé. Ó yọ àwọn géèmù ọmọdé kúrò níbi tí ìpolówó náà ti lè jáde. Ìka tó ń ṣeré ló ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Lórí máàpù, ó yí òrùka ká Yábàá, ó yí òmíràn ká Ìkòròdú.

Láti 1994 tí AT&T ti gbé ìpolówó sórí ìkànnì HotWired ni àwọn èèyàn ti ń ka iye ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Òun kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìwé olówó pọ́ọ́kú kan ló ṣí: ẹni tó pè, ẹni tó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó san àsansílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀: ó pa ìpolówó Yábàá, ó fi ti Ìkòròdú sílẹ̀, ó sì dúró.

eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2012. Wọ́n dá ìpolówó tí wọ́n ń sanwó fún dúró lọ́dọ̀ Yahoo àti MSN, èyí tó máa ń jáde bí ẹnì kan bá wá orúkọ wọn níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tó jáde nínú Econometrica ní 2015 ṣe fi hàn, gbogbo àwọn tí ì bá tẹ ìpolówó náà, àfi ìwọ̀nba díẹ̀, ló gba líǹkì ọ̀fẹ́ inú èsì ìwárí wọlé.

Nígbà tó yá, ó ka ìwé rẹ̀. Àwọn ará Yábàá tó ń wá kò dín rárá. Wọ́n ti mọ ọ̀nà Oko Bàbá tipẹ́. Ti Ìkòròdú ló ń mú ojú tuntun wá, èyí tó ní iye owó lára ni wọ́n sì gbà wọlé. Ó ní kí Bàbá má sanwó Yábàá mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó iṣẹ́ tirẹ̀ náà dín kù níbẹ̀.