Evans Gambit: Ọmọ Ogun Kan, Àsìkò Púpọ̀

Ọ̀gákọ̀ ojú omi ni William Davies Evans, ọmọ Wales. Láàárín ọdún 1820 sí 1830 ló mú ọgbọ́n kan wọ inú ṣẹ́ẹ̀sì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Bí àwọn ará Ítálì ti ń bẹ̀rẹ̀ eré látijọ́ ni tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀: 1.e4 e5 2.Nf3 Nc6 3.Bc4 Bc5. Ní ìgbésẹ̀ kẹrin ni Funfun ti ọmọ ogun kan sí b4, ó gbé e síwájú bíṣọ́ọ̀bù Dúdú pé kó jẹ ẹ́.

Òwò ni. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá jẹ ẹ́, Funfun á ti c3, bíṣọ́ọ̀bù á sì tún sá. Bó ti ń sá kiri ni Funfun ń fi d4 gba àárín ọpọ́n. Ọmọ ogun kan lowó tó san, àsìkò ló rà.

Eré tí wọ́n fi ń yin ọgbọ́n yìí jù lọ ni èyí tí Adolf Anderssen àti Jean Dufresne ta ní Berlin ní 1852. Ní ìgbésẹ̀ 21, Anderssen fi ayaba rẹ̀ jẹ ọmọ ogun tó wà ní d7, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọba Dufresne pa á. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i, ọba náà ti há. Bẹ́ẹ̀ Dufresne kò sùn: ó ku ìgbésẹ̀ kan péré kí ayaba tirẹ̀ pa ọba Anderssen ní g2. Ikú ayaba ni gbogbo ayé ń ròyìn, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ 7 ni Anderssen ti fi ọba rẹ̀ pamọ́, nígbà tí ti Dufresne jókòó sí e8 títí ogun fi ká a mọ́lé.

Emanuel Lasker ló mọ egbò ọgbọ́n yìí. Ó ní kí Dúdú sá sí a5, kó ti d6, kó sì dá bíṣọ́ọ̀bù padà sí b6. Bí Funfun bá fẹ́ gba ọmọ ogun rẹ̀ padà, kó gbà á: ayaba méjèèjì á kúrò lórí ọpọ́n, ọmọ ogun rẹ̀ ní a àti c á sì dá wà láìní alábàárìn. Ìjà parí, gbèsè kù.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ṣe pa á tì, títí Garry Kasparov fi gbé e ko Viswanathan Anand lójú ní Riga ní 1995. Ní ìgbésẹ̀ 7, ó fa bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sẹ́yìn sí e2, bí ẹni tí kò kánjú. Ní ìgbésẹ̀ 15, bíṣọ́ọ̀bù kejì bọ́ sí h6, ó sì dí ọ̀nà tí ọba Anand ì bá gbà sá sẹ́yìn rúùkù. Anand jọ̀wọ́ eré ní ìgbésẹ̀ 25.

Kò sí ayaba tó kú lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí eré Riga fi yẹ kó ṣíwájú ti Berlin lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ b4: níbẹ̀ ni a ti rí ohun tí àsìkò tí Funfun rà ń ṣe, láìsí ariwo tó lè bò ó mọ́lẹ̀.