Òmìnira Òṣogbo, Òmìnira Ìjẹ̀ṣà: Báwo La Ṣe Ń Rántí Wọn?

Inú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà ni Òṣogbo àti Iléṣà wà lónìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ìlú méjèèjì léèrè irú ẹni tí jagunjagun Ìbàdàn jẹ́ sí wọn, ìdáhùn wọn kò ní bára mu. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Ìbàdàn ló kó ọmọ ogun wá, Balógun Ọdẹ́rìnlọ ló ṣáájú wọn, wọ́n sì tú ibùdó Ìlọrin ká. Nígbà tó di ọdún 1870, Ìbàdàn yìí kan náà ló fọ́ Iléṣà, tí ajẹ́lẹ̀ wọn sì ń jẹ gàba káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì.

Ní Òṣogbo, ìtàn àtẹnudẹ́nu ò fi bẹ́ẹ̀ ka Ọdẹ́rìnlọ sí. Òrìṣà Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, wọ́n ní, ló para dà di ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, tó ta ẹ̀fọ́ yánrin olóògùn fún ọmọ ogun Ìlọrin títí inú fi ń run wọ́n. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìlú tó bá ní òrìṣà òun ló gba òun, ta ni yóò tún wá bá a sin gbèsè ọpẹ́? Bẹ́ẹ̀, lábẹ́ Ìbàdàn náà ni Òṣogbo bọ́ sí lẹ́yìn ogun ọ̀hún. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìrántí Ọ̀ṣun yìí ṣì lẹ́mìí: ọdọọdún ni èrò ń tẹ̀lé Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ, lọ sí igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005.

Ère Ògèdèǹgbé, jagunjagun Ìjẹ̀ṣà, ni Iléṣà gbé kalẹ̀ ní tirẹ̀. Ó yẹ fún un, n kò jiyàn. Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí ló pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878, ṣùgbọ́n Ògèdèǹgbé ló wá di olórí ogun Èkìtì Parapọ̀, àpapọ̀ ọmọ ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, lójú ogun Kírìjì tí wọ́n bá Ìbàdàn jà. Àmọ́ ère ò lè sọ pé Ìbàdàn tó wá bá jà ni wọ́n ti kó o lẹ́rú rí, tó sì ti kọ́ iṣẹ́ ogun níbẹ̀. Kò dárúkọ àwọn oníṣòwò ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Èkó, tí wọ́n dáwó ra ìbọn tí à ń ti ẹ̀yìn kì, ìbọn tó jẹ́ kí ojú Ìbàdàn rí màbo. Àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ lọ sí ibùdó ńkọ́? Kò sì sọ pé ní 1894, òyìnbó mú Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀. Òmìnira wo la wá ń ṣe ìrántí rẹ̀ gan-an?

Ọjọ́ tó yẹ ká máa rántí jù ni 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, ọjọ́ àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì. Ìmẹ̀sí-Ilé ni ibùdó Èkìtì Parapọ̀, Ìgbájọ ni ti Ìbàdàn, àwọn àlùfáà bíi Samuel Johnson àti Charles Phillips sì ti lọ bọ̀ láàárín wọn kí ọ̀rọ̀ tó wọ̀. Àdéhùn gba Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ó fi Ìgbájọ, Àdá àti ìlú méjì mìíràn sílẹ̀ fún Ìbàdàn, pé kí ẹni tí kò bá fẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Ẹrù dídì ni òmìnira tàwọn kan. Ibùdó ogun kò sì tú tán títí Carter, Gómìnà Èkó, fi dé ní 1893.

Ìrántí tó gbìyànjú jù, ní tèmi, ni àpérò ọgọ́rùn-ún ọdún àdéhùn náà, tí yunifásítì Ifẹ̀ gbàlejò rẹ̀ ní 1986. Òpìtàn Akinjogbin ṣàkójọ iṣẹ́ náà sínú ìwé ní 1998. Ó mà ṣe o, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni! Ìyá àgbà ní Ìmẹ̀sí-Ilé ò lè kà á.

Ní 2036, àdéhùn náà yóò pé àádọ́jọ ọdún. Ìgbájọ ni mo fẹ́ kó gbàlejò nígbà náà, kí a ka gbogbo àdéhùn síta ní Yorùbá, kí Olúbàdàn náà rán ènìyàn wá jókòó.