Iṣẹ́ Awọ, Iṣẹ́ Awo: Lámèyítọ́ Àpò Kan

Àpò kan wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ eléyìí. Awọ màlúù ni, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì gbòòrò tó láti gba ìwé ńlá méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa ló fọwọ́ rán an. Èmi ni mo sanwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, ló ni ín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe lámèyítọ́ gbólóhùn àwọn ẹlòmíràn. Lónìí, àpò ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe ṣeé kà bí ìwé, àgàgà bí wọ́n bá tún wá kọ nǹkan sí i lára.

Bí wọ́n bá sọ fún mi pé ẹnì kan pàtó ni wọ́n ṣe nǹkan fún, pé kì í ṣe èyí tí wọ́n kó jọ sínú páálí fún gbogbo ayé, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi í. Ìkíní: ṣé ó bá ẹni tó ni ín mu? Ìkejì: ṣé ọwọ́ ẹni tó ṣe é hàn nínú rẹ̀? Ìkẹta: ohun tó ń sọ, ṣé ó sọ ọ́ bó ṣe yẹ?

Lórí ìbéèrè kìíní, mi ò ní ẹjọ́ kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò gbà kí n kàn sọ pé ọmọ náà ga díẹ̀. Ó ní kó wá fúnra rẹ̀. Ó fi tépù wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ìbàdí. Ó bi í bóyá ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń mú nǹkan nínú àpò ni àbí òsì. Òsì ni. Ó wá yí àpò kékeré tí fóònù ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àpò tí a rà lọ́jà kì í béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lórí ìkejì náà, ó yege. Abẹ́rẹ́ méjì ló fi rán an, pẹ̀lú okùn kan ṣoṣo tó fi ìda oyin pa. Á kọ́kọ́ fi ìlu dá awọ lu. Abẹ́rẹ́ kan á gba iwájú wọlé, èkejì á gba ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì á pàdé nínú ihò kan náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í rán báyìí. Ti ẹ̀rọ, okùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ló ń kọ́ ara wọn, bí ọ̀kan bá ti já, èyí tó kù lè máa tú tẹ̀ lé e. Ti abẹ́rẹ́ méjì, bí ojú kan bá já, ojú tó kù ṣì di awọ mú. Mo fi awò ojú mi wo ojú okùn náà láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n dọ́gba, àfi ní igun kan tí mẹ́ta ti sún mọ́ra jù. Mo fẹ́ràn igun yẹn gan-an. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ènìyàn ló jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kan, ẹ mọ̀ pé mi ò lè ṣe kí n má yà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé “orígínà lẹ́dà” lòun ń lò. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ àyálò yìí rìn dé. Rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ yàrá, lẹ́dà ni. Ike tí wọ́n fi bo àga, lẹ́dà ni. Ní ibòmíràn, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà fún ni, lẹ́dà náà ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá ti gba gbogbo nǹkan mọ́ra báyìí, dandan ni kí wọ́n fi “orígínà” tì í lẹ́yìn kó tó lè dìde. Ṣùgbọ́n awọ kò yẹsẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò fọwọ́ kan ike tí yóò pè é ní awọ. Ohun tó ti wà lára ẹran rí ni awọ. Pọ̀nmọ́ pàápàá, gbogbo wa mọ̀ pé awọ ni kó tó di ti inú ọbẹ̀. Ní 2022, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ awọ ní Zaria rọ̀ wá pé kí a yé jẹ pọ̀nmọ́, kí awọ lè tó ilé-iṣẹ́ lò. Mi ò bá wọn jà, mi ò sì tíì jáwọ́.

Ó wá ku ìbéèrè kẹta. Orí ìdérí àpò náà ni wọ́n tẹ orúkọ sí: IFE. Lẹ́tà mẹ́ta, wọ́n jìn, wọ́n gún régé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé orúkọ ọmọ náà kọ́ nìyẹn. Ìfẹ́ là ń pè é. Ohun tó wà lára àpò yìí ni ife, èyí tí a fi ń mu omi. Bí ẹ bá fẹ́ ṣojú àánú, ẹ lè kà á sí Ifẹ̀, ìlú Ọọ̀ni. Kò sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà kà á kó di ìfẹ́, àfi tí ẹ bá ti mọ ọmọ náà tẹ́lẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. “Prof, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, ó ṣáà yé wa.” Ó lè yé wa nínú gbólóhùn. Bí ẹnì kan bá kọ “bu omi sinu ife” láìfi àmì sí i, omi àti bù ló ń tọ́ka sí ohun tó ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ní aládùúgbò nínú gbólóhùn, aládùúgbò a sì máa jẹ́rìí síni. Lára àpò, ọ̀rọ̀ kò ní aládùúgbò. Òun nìkan ló dúró síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n tẹ AYO sára ìgbànú rẹ̀, ṣé ayọ̀ ni àbí ayò tí à ń ta nínú ọpọ́n? Mo tilẹ̀ ti rí pátákó kan rí tí wọ́n kọ ISE AWO sí. Bàtà àti bẹ́líìtì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá kà á bó ṣe wà níbẹ̀ á rò pé ìdí ọpọ́n Ifá lòun ń lọ. Àmì kékeré kan ṣoṣo lábẹ́ lẹ́tà ló ya iṣẹ́ awọ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ awo.

Iṣẹ́ kan wà tí méjèèjì ti pàdé, òun ni mo sì fi ń díwọ̀n gbogbo iṣẹ́ awọ tí mo bá rí. Làbà Ṣàngó ni. Àwọn oníṣọnà Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń ṣe tìmùtìmù, apó ọfà àti àkọ̀ idà, ni wọ́n ń ṣe é. Àpò tí àwọn olórìṣà Ṣàngó ń gbé kọ́ èjìká ni, tí wọ́n ń kó ẹdùn àrá sí. Awọ pupa ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́rin, irú àwòrán kan náà ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, awọ tí wọ́n là wẹ́wẹ́ sì rọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 1962, Joan Wescott àti Peter Morton-Williams kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìtumọ̀ rẹ̀ àti lílò rẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Àmọ́ ní tèmi, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló wù mí jù. Oníṣọnà kì í tẹ àwòrán náà mọ́ awọ. Ọ̀bẹ ló fi ń gé awọ aláwọ̀ mìíràn, tí á wá rán an mọ́ ìpìlẹ̀. Nínú iṣẹ́ Ọ̀yọ́ mìíràn, wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ bó ojú awọ tí wọ́n ti pa láró fẹ́ẹ́rẹ́, kí àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ lè yọjú. Nínú àwọn làbà tí mo ti rí, àwòrán náà tún ara rẹ̀ wí lẹ́ẹ̀mẹrin, síbẹ̀ kò sí méjì tó bára dọ́gba tán. Bí olórin bá tún ègbè kan dá nígbà mẹ́rin, ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí.

Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára làbà. Síbẹ̀, kò sí àpò tó mọ olówó rẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tó bá rí i mọ irú ẹni tó lè gbé e, ó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe nǹkan fún ẹni pàtó nìyẹn. Ohun tí ẹni náà jẹ́ ni wọ́n fi ń ṣọnà sí i, kì í ṣe ohun tó ń jẹ́. Mi ò ní kí a padà síbẹ̀. Àwa tí a ń kàwé tí a ń kọ̀wé, orúkọ la fi ń sààmì sí ohun ìní wa báyìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá ti gba ipò ọnà, ọwọ́ tí a fi ń ṣọnà ni ká fi kọ ọ́.

Mo gbé àpò náà padà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó fẹ́ yẹ àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fún mi ní àga, ó tẹ́tí títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ló fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì.

“Ẹ wò ó, sà. Bí wọ́n ṣe ń tà á fún wa nìyí.”

Lẹ́tà onírin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, láti A dé Z. C wà níbẹ̀, Q wà, V, X àti Z wà, márààrún tí àwa kò lò. Ẹ, Ọ àti Ṣ kò sí. Àmì abẹ́ lẹ́tà yìí kì í ṣe ohun àná. Ìpàdé àkọtọ́ tó wáyé ní Èkó ní 1875 ti bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀, àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sì dá a sí. Àwọn tó rọ irin náà kò gbọ́ nípa wa ni. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé lórí èyí nígbà tí ọmọkùnrin náà tún yọ fóònù rẹ̀.

“Ẹ má bínú o, Bàbá. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ báyìí.”

Mo wò ó. Oruko omo naa ni IFE. E je ko han daadaa. Èmi ni mo fi í ránṣẹ́, kò sì sí àmì kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí mò ń kọ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé mi, ẹ̀rọ táípù tí a fi tẹ̀ ẹ́ kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì abẹ́ lẹ́tà. Báírò ni mo fi kọ gbogbo wọn sí i, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, títí ìka mi fi wú. Irinṣẹ́ kò sí nígbà náà, ọwọ́ ló ṣe é. Báyìí, irinṣẹ́ wà nínú fóònù mi, mi ò lò ó nítorí pé mò ń kánjú. Ta ni mo wá ń bá wí?

Ohun tó gbà wá là ni pé àìkọ yàtọ̀ sí àṣìkọ. Ká ní lẹ́tà tí kò yẹ ni wọ́n tẹ̀ ni, kò sí àtúnṣe, nítorí awọ kì í gbàgbé. Àmọ́ àmì tí wọn kò fi sí i ṣì ṣeé fi sí i. Irú awọ tí wọ́n fi èso bàgàrúwà ṣe, bí wọ́n ti ń ṣe é ní Kánò àti Sókótó tipẹ́tipẹ́, máa ń gba àmì bí omi bá rin ín díẹ̀, bó bá sì ti gbẹ, àmì náà dúró nìyẹn. Ó fi àkísà tútù pa ojú awọ náà. Ó gbé ẹnu ìlu sí abẹ́ E, ó fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló gbé orí ọ̀bẹ kékeré kan tí kò mú mọ́ sí òkè I, ó dà á sápá òsì, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe ti E, ó dà á sápá ọ̀tún. Kò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Irinṣẹ́ tó ti fi dá ihò okùn lu ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lára àpò kan náà ni irinṣẹ́ tí Yorùbá nílò. Kò sí nínú páálí, ọwọ́ rẹ̀ ló wà látìgbà yìí wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, nǹkan méjì ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ fi àyè tó tó hóró àgbàdo sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ orúkọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí àmì lè ráyè jókòó. Ẹ sì jẹ́ kí oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ náà sórí ìwé níwájú yín, kó sì pè é sétí yín. Ẹ má gba ti fóònù gbọ́, kódà bó jẹ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ló fi í ránṣẹ́.

Nígbà tí mo gbé àpò náà fún Ìfẹ́, inú rẹ̀ dùn, ó gbé e kọ́ èjìká, ó rìn yíká pálọ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ìdérí rẹ̀ dáadáa. Ó ní, “Bàbá àgbà, ta ló gún un nísàlẹ̀ níbí?” Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. IFE ló ti ń kọ látìgbà tó ti wọ jẹ́lé-ó-sinmi, bẹ́ẹ̀ ló wà nínú gbogbo ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, èmi baba àgbà rẹ̀ sì wà nílé. Mo ní kó jókòó. Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí ìwé, mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kó fi ìka tọ́ka sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Kò tíì máa fi àmì sí i nínú ìwé rẹ̀, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àpò náà ló fẹ́ kí n bá òun fi òróró pa, ìdí nìyẹn tó fi wà lórí tábìlì mi. Ọ̀la ló ń bọ̀ wá gbà á. Àmì abẹ́ E yẹn yà díẹ̀ sápá òsì. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.