Ọ̀rọ̀ Kékeré Kan Nínú Òfin Kẹrin Ọdún 1984

Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari gbé Òfin Kẹrin jáde ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 1984, orúkọ tí wọ́n fún un ni òfin tí yóò dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní ṣe àmín?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wọ inú ilé lọ. Òfin náà sọ pé arúfin ni ẹni tí ó bá gbé ìròyìn tí ó ní irọ́ nínú jáde, tàbí ìròyìn tí ó lè sọ ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀ di ẹni ẹ̀sín. Ẹ kíyè sí “tàbí” àkọ́kọ́ yẹn. Bí ó bá jẹ́ “tí ó sì” ni wọ́n kọ, irọ́ nìkan ni ìbá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. “Tàbí” ni ó sọ òótọ́ pàápàá di ẹ̀ṣẹ̀: ẹni tí ó rí olè tí ó sì ké, ó di arúfin, nítorí pé ojú ti olè.

Ní ọdún náà gan-an ni wọ́n rán Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn The Guardian, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan, nítorí ìròyìn nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ yàn ṣe aṣojú ní òkè òkun.

Àwọn kan yóò wí pé akọ̀ròyìn náà a máa purọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òfin ìbanilórúkọjẹ́ ti wà ṣáájú, ó sì ń dá ẹni tí ó bá fi hàn pé òótọ́ ni òun sọ sílẹ̀. Kì í ṣe irọ́ ni Òfin Kẹrin wá lé.

Wọ́n fa òfin náà ya ní ọdún 1985. Òfin tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ sí ìròyìn dé ní ọdún 2011: ẹnikẹ́ni lè béèrè láìsọ ìdí, ilé-iṣẹ́ ìjọba sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Orúkọ yìí náà dùn. Nítorí náà, kí àwa tí a ń kọ́ èdè máa ṣọ́ gbogbo “àyàfi” tí ó wà nínú rẹ̀. Ìránṣẹ́ ìlú ni ìjọba alágbádá. Ìránṣẹ́ kì í fi iṣẹ́ tí a rán an pamọ́ fún ẹni tí ó rán an.