Àwọn Tó Ń Kó Ìwé Àtijọ́ Jọ

Mo mọyì àwọn tó ń kó ìwé àtijọ́ jọ, nítorí ikán àti ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí bébà pẹ́ nílẹ̀ wa. Ìwé Ìròyìn tí ajíhìnrere Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1859, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Rògbòdìyàn Ìfọ́lé ọdún 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú náà, ló fòpin sí i. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, a ṣì ń rí i kà.

L'Ékòó, Henry Carr, ọ̀gá nínú ètò ẹ̀kọ́, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé jọ sílé. Lẹ́yìn tó kú lọ́dún 1945, ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì dé yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ náà ni ìwé olóṣèlú Herbert Macaulay wà, ẹni tí òun àti Carr kò rẹ́ rárá nígbà ayé wọn.

Nínú gbogbo ohun àtijọ́ tí wọ́n ń kó jọ, àwòrán fínfín tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ló wù mí jù. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò gbé e sún mọ́ fèrèsé, á tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá fìka rọra tọ etí rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí bàbà ni wọ́n ti fín in, ibi tí ẹ̀rọ ti tẹ bàbà mọ́ bébà máa ń jin díẹ̀, yóò sì yí àwòrán náà ká. Ìka á mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Bó bá sì ya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́: gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sọ bébà di ràkọ̀ràkọ̀.